Sìgá Tútù Tí Christabel Ń Pín Kiri

Láti kékeré ni Christabel Nicol kò ti lè fìdí mọ́lẹ̀. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ́ sí Olówógbowó nígbà tí wọ́n ti Sàró dé, bí wọ́n bá ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ náà á ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó bu ìrẹsì sí àwo rẹ̀. Àǹtí Clementina, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, a máa sọ pé, "Ọmọ yìí, àbí èèrà ló wà lórí àga ẹ ni?" Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ táípù, ó sì yege dáadáa, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì méjì ló fi sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Kò sẹ́ni tó lé e. Kò kàn lè jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé aago mẹ́rin ni.

Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ sìgá kan ń wá ọ̀dọ́bìnrin mẹ́wàá lọ́dún 1988 tí yóò máa rìn kiri Èkó polówó sìgá tuntun, ṣe ló dà bíi pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Páálí sìgá yìí funfun, ìlà aláwọ̀ ewé kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Míńtì ni wọ́n pò mọ́ tábà inú rẹ̀, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń pè é ní sìgá tútù. Wọ́n rán aṣọ funfun fún àwọn ọmọbìnrin náà, wọ́n fún wọn ní tíréè olókùn tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, wọ́n sì kó wọn jọ sí yàrá kan tó kọjú sí ọ̀sà ní Marina kí Ọ̀gá Fẹ́mi lè kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò máa sọ.

"Àwọn sìgá yòókù ń gbóná," ni Ọ̀gá Fẹ́mi wí. "Tiwa tutù. Ẹni tó bá ń wúkọ́, ẹ sọ fún un pé èyí ò ní bá a jà. Ẹni tó bá sì lóun fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, ẹ bi í pé kí ló dé tó fẹ́ fìyà jẹ ara ẹ̀, nígbà tí èyí tí ò le wà ńlẹ̀."

Christabel nawọ́ sókè. "Sà, ṣé lóòótọ́ ni pé kì í ṣe èèyàn ní nǹkan?"

Ọ̀gá Fẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ó ṣáná sí ọ̀kan, ó nà án sí i. "Fà á wò, kó o wá sọ fún mi."

Christabel fà á. Òtútù kan rọra gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá wọ inú àyà rẹ̀ lọ, bí ìgbà téèyàn lá súìtì míńtì tán tó wá mu omi. Kò wúkọ́. Kò sí ohun tó ta á lọ́fun. Láti ọjọ́ náà lòun fúnra rẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ìyẹn ló sì fà á tí kò fi sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tà bíi tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó ń purọ́ máa ń wojú ilẹ̀ nígbà míì. Christabel kì í wojú ilẹ̀.

Láàárọ̀, á dúró sí ìdíkọ̀ CMS níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Tó bá di ìyálẹ̀ta, á gba ọjà Sandgrouse lọ bá àwọn alápatà àtàwọn alábàárù. Ọ̀sán ni ti Broad Street. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ kí ẹnì kan tọ́ ọ wò, á kọ́kọ́ ṣáná sí tirẹ̀, kó lè hàn pé kò sóró nínú rẹ̀. Kí ọdún kan tó pé, ó ti ń mu tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dúró lójú kan.

Ní Broad Street yìí ló ti bá Jeremiah Ọláolúwa pàdé. Ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni, ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ nílé. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan ló gbé tábìlì rẹ̀ sí, tó ti ń tún aago ọwọ́ ṣe. Gbogbo sùúrù tí Christabel ò ní, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ló wà. Ó lè tẹrí ba sórí aago kékeré kan láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kúrò lójú títì, gíláàsì há sójú ọ̀tún rẹ̀. Tó bá sì tú aago tán, ẹnu ló fi ń fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, fúú, bí ẹni ń fẹ́ àbẹ́là pa. Kò ní fẹ́ ẹ jù, kò ní fẹ́ ẹ kù.

"Sìsí, kọjá lọ ní tìẹ," ló wí lọ́jọ́ tí Christabel kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀. "Mi ò mu sìgá mọ́. Ọjọ́ kọkànlá mi rèé tí mo ti jáwọ́."

"Kí ló fà á, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ikọ́ ni. Dókítà ní bí mi ò bá fi sílẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró mi á bàjẹ́."

"Irú èwo lẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀?"

Jeremiah dárúkọ rẹ̀. Christabel mi orí bí nọ́ọ̀sì. "Ẹ ò rí i? Ohun gbígbóná yẹn ló ń ṣe yín. Èyí tutù. Á tu àyà yín, bí ìgbà tí wọ́n bá fi rọ́ọ̀bù para fún yín."

"Tí dókítà bá wá bi mí ńkọ́?"

"Dókítà ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà pa Jeremiah lẹ́rìn-ín. Ó wo páálí funfun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó bí ẹni ń wo inú aago, ó wá fa ọ̀kan yọ. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Lóòótọ́, ó mà tutù o." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Christabel sì kọjá lọ bá ẹlòmíì.

Báyìí ni wọ́n ṣe dọ̀rẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Christabel máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀, á fún un ní kàlẹ́ńdà iléeṣẹ́ tàbí láítà, òun náà á bá a pààrọ̀ awọ aago rẹ̀. "Sìsí Tútù" ló ń pè é. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó di 1992, Christabel rí i pé róbà rìbìtì kan ni Jeremiah ń tẹ̀ láti fi fẹ́ eruku inú aago.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹnu yín ńkọ́?"

"Èémí mi ò tó o fẹ́ mọ́."

"Àgbà ló ń dé yẹn!" ni Christabel wí, ó sì lọ. Òun náà ti ń wúkọ́ láràárọ̀ nígbà yẹn, ikọ́ tó máa ń tẹ̀ ẹ́ kọ́dọ́rọ́ létí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ́kọ́ ní ọyẹ́ ni. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, ó ní eruku ni. Nígbà tí òjò rọ eruku mọ́lẹ̀, ó ní Èkó ni, àbí ta ló ń gbé Èkó tí kì í wúkọ́?

Ọdún 1994, nígbà táwọn òṣìṣẹ́ elépo daṣẹ́ sílẹ̀ tí mọ́tò ò rí epo rà, Christabel lọ ṣiṣẹ́ ní Ìddó. Nígbà tó fẹ́ padà, kò rí ọkọ̀ kankan. Ẹsẹ̀ ló fi gun afárá Carter, tòun ti tíréè lọ́rùn. Kí ni afárá já mọ́ lójú ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà rìn? Ṣùgbọ́n kò tíì dé àárín afárá tí èémí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ó rò pé òun máa yára kọjá, ó mú ẹsẹ̀ nílẹ̀. Èémí wọlé, èémí kọ̀, kò jáde. Nǹkan kan ń súfèé nínú àyà rẹ̀ bí kẹ́tùlù tí omi rẹ̀ fẹ́ hó. Ó di irin afárá mú. Omi ọ̀sà ń dán nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn.

Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátì, Memunat lorúkọ rẹ̀, sọ ẹrù kalẹ̀. "Sìsí, jókòó."

Christabel mi orí. Ó ṣì fẹ́ máa lọ.

"Mo ní o jókòó jàre! Ṣé o fẹ́ kú síbí ni?"

Memunat fi ipá tẹ̀ ẹ́ jókòó sórí kọnkéré, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń fi etí ìró fẹ́ ẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo àwọn páálí tó dà sílẹ̀. "Ohun tí ìwọ náà ń mu rèé?"

Ó tutù ni, ni Christabel fẹ́ fèsì. Kò rí èémí tó máa fi sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì, Àǹtí Clementina fà á lọ sí ọsibítù lọ́dọ̀ Dókítà Àlímọ̀t, tó jẹ́ pé iwájú Àǹtí ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà kan. Dókítà gbé páìpù kékeré kan fún un, tó ní nọ́ńbà lára, ó ní kó fi gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ ẹ. Christabel fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà wo nọ́ńbà náà, ó tún wo káàdì rẹ̀.

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ẹ́. Èémí tó o fẹ́ yìí, ti ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ni."

"Dókítà, oní-míńtì ni mò ń mu o, mà."

"Mo gbọ́. Èéfín inú ẹ̀ ńkọ́, ṣé míńtì lòun náà?" Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Míńtì ò yọ ohunkóhun kúrò nínú èéfín. Ọ̀dà tó wà nínú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí míńtì ń ṣe ni pé ó ń ra ọ̀fun níyè, kó má bàa pariwo. Ọ̀fun ni mẹgáàdì àyà. Èéfín tó bá gbóná, mẹgáàdì á lé e, ìyẹn ni ikọ́. Ìwọ wá fún mẹgáàdì lóògùn oorun lò. Olè wọlé, ó dé yàrá, ó tún dé inú àpótí."

Christabel dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. "Ẹni tó ti ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀, tó ti jáwọ́, tí wọ́n wá fún un ní èyí ńkọ́?"

"Ta nìyẹn?"

Christabel tún yíjú sí fèrèsé. Àǹtí Clementina ń wò ó.

"Tó o bá jáwọ́ lónìí," ni Dókítà wí, "èyí tó ti bàjẹ́ lè má padà tán, ṣùgbọ́n kò ní máa yára bàjẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èémí á sì rọra máa padà. Ikọ́ lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́."

Láti ọsibítù, Christabel ò bá Àǹtí lọ sílé. Broad Street ló gbà lọ, ó ń rìn díẹ̀ ó ń dúró díẹ̀. Tábìlì Jeremiah ò sí lábẹ́ àtẹ̀gùn mọ́. Síkírù tó ń ta agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló dá a lóhùn.

"Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti jáde gbẹ̀yìn. Wọn ò lè rìn débí mọ́. Ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn Sandgrouse níbẹ̀ yẹn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Lóòótọ́, ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá tí Christabel bá Broad Street láìsí Jeremiah, kò bi ẹnikẹ́ni. Ti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ náà, kò bi ẹnikẹ́ni.

Ó dé ilé náà lọ́jọ́ yẹn, ó dúró nísàlẹ̀, ó padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọsàn, ó gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì pín ọsàn náà fún àwọn tó bá lójú ọ̀nà. Kò lè jẹun. Kò lè dúró sínú yàrá tirẹ̀, kò sì lè dúró níta. Lọ́jọ́ kẹta, ó gun òkè láìwo ẹ̀yìn, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ó kanlẹ̀kùn.

Jeremiah jókòó ti tábìlì rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi gbé èjìká dúró bí ẹni tó gbé ẹrù. Ó ti rù. Tó bá fẹ́ mí síta, á ká ètè rẹ̀ bí ẹni fẹ́ súfèé. Páálí funfun wà lójú fèrèsé.

"Sìsí Tútù!" Ojú rẹ̀ tàn. "Mo rò pé o ti gbàgbé mi. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Méjì péré ni mò ń mu lójúmọ́ báyìí. Ó ń bá mi ṣí àyà, bó o ṣe wí. Jókòó."

"Mi ò ní jókòó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lóòró." Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú yàrá kékeré náà: ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Fẹ́mi, ti afárá, ti páìpù ọsibítù, ohun tí Dókítà ní míńtì ń ṣe. "Kò ṣí àyà yín rí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà ni."

Jeremiah mú ṣúkúrú kékeré kan, ó dé e mọ́ ẹ̀yìn aago, ó yí i wọlé. Ó mú òmíràn.

"Ọjọ́ kọkànlá ni mo wà lọ́jọ́ náà," ló wí.

"Mo rántí."

"O rántí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ta ló rán ẹ pé kó o sọ fún mi pé á tu àyà mi?"

"Wọ́n kọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ni mo fi sọ ọ́."

Jeremiah gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Jáde," ló wí. Kò pariwo. Kò ní èémí tó lè fi pariwo.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Christabel gbé tíréè rẹ̀ lé tábìlì Ọ̀gá Fẹ́mi. Ọ̀gá ti ń wá a, ó fẹ́ fi í ṣe olórí àwọn ọmọbìnrin tó wà ní Ìbàdàn. "Kí ló dé?" ló bi í. "Ṣebí ìwọ náà ń mu ún?"

"Mò ń mu ún, sà. Ìyẹn ni mo ṣe ń lọ."

Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ rọrùn ju fífi sìgá sílẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbà á. Ó ń jẹ orógbó, ó ń run pákò, ó ń rìn láti Olówógbowó dé Marina, láti Marina dé Olówógbowó, bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ikọ́ pọ̀ sí i gan-an bí Dókítà ti wí. Ó jágbe mọ́ Àǹtí Clementina lórí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ ọbẹ̀, ó sunkún lórí ìyọ̀ kan náà. Lẹ́ẹ̀mejì ló ṣubú padà. Ìgbà kejì, ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ló ti mu ún, ó fọ ẹnu kó tó wọlé. Àǹtí gbóòórùn rẹ̀. Ó kàn dìde, ó ṣí gbogbo fèrèsé ilé sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Jeremiah lé e, ó tún padà lọ. Ó bá a tó jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹrin láti òkè, ó di aago kan mú lọ́wọ́, òógùn bò ó. Aago lọ́yà kan ni, lọ́yà náà fẹ́ ẹ lónìí, kò sì sí ẹni tó máa bá a gbé e lọ. Òun ló fẹ́ gbé e lọ fúnra rẹ̀, láti nǹkan bí ìdajì wákàtí sì rèé, àtẹ̀gùn mẹ́rin ló tíì sọ̀.

Christabel gba aago náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Níbo ni ọ́fíìsì wọn wà?"

Jeremiah wò ó títí. Ó wá sọ ọ́ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹsẹ̀ fún un. Á gun òkè láàárọ̀ gba èyí tó ti tún ṣe, á pín in ní Broad Street àti Marina, á gba èyí tó bàjẹ́ bọ̀. Kò rìn kíá mọ́. Ó ti mọ ilé tó ní pèpéle tí èèyàn lè fi ìdí lé kó sinmi. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Jeremiah gbé páálí funfun jù sí i, ó ní, "Bá mi dà á nù." Lọ́jọ́ kẹta, òmíràn ti wà lójú fèrèsé. Christabel ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí páálí tó kúrò níbẹ̀ pátápátá. Dókítà Àlímọ̀t fún Jeremiah ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu, ó sì dẹ̀ ẹ́ lára díẹ̀, débi tó fi lè tún máa rojọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ wá sí Broad Street mọ́ títí.

Ó kọ́ Christabel bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì àti bí wọ́n ṣe ń tú aago láìjẹ́ kí ṣúkúrú sọ nù. Nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Christabel lè jókòó wákàtí kan gbáko. Ara rẹ̀ á máa yún un lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì, ṣùgbọ́n á jókòó.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì tẹrí ba sídìí iṣẹ́, Jeremiah dédé sọ pé, "Ọ̀rọ̀ yẹn o, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀."

Ọwọ́ Christabel dúró.

"Gbé aago yẹn lọ," ló wí. "Oníǹkan ń retí ẹ̀."

Ọyẹ́ ọdún 1996 le. Ó bo Marina débi pé wọn ò rí òdìkejì ọ̀sà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí Kérésì tó dé, Jeremiah kú nínú àga rẹ̀, nígbà tí Christabel wà ní CMS tó ń gba aago lọ́wọ́ oníbàárà. Ìpetu ni wọ́n gbé e lọ sin. Christabel ò lọ. Ó rò ó, kò mọ ohun tóun máa sọ pé òun jẹ́.

Nínú oṣù Jánúárì ni ọmọ Jeremiah, Ìfẹ́olúwa, wá kó ẹrù bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó jọ bàbá rẹ̀ níwájú orí. Ó bá Christabel nínú yàrá tó ń to irin iṣẹ́ sínú àpótí, aago oníbàárà mẹ́sàn-án sì wà lórí tábìlì, ó ti kọ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni Ìfẹ́olúwa wí. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ tọ́jú bàbá mi. Ṣé mọ̀lẹ́bí wa ni yín?"

Christabel ì bá sọ pé ọ̀rẹ́ ni. Ọmọ náà ì bá sì gbà á, ì bá tún dúpẹ́.

"Èmi ni mo fún bàbá yín ní sìgá lọ́jọ́ kọkànlá tí wọ́n ti fi í sílẹ̀," ló wí. "Mo sọ fún wọn pé kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Wọ́n gbà mí gbọ́." Ó sọ ìyókù, ó dúró lójú kan títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ìfẹ́olúwa jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Ó mú aago kan, ó gbé e sétí, ó gbé e sílẹ̀.

"Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi nípa yín," ló wí. "Wọn ò sọ èyí. Wọ́n ní ẹnì kan ń bá wọn rìn."

Kò bínú sókè, kò sì ní kò burú. Ó dìde, ó di etí tábìlì iṣẹ́ náà mú níhà kan. "Ó wúwo. Ẹ bá mi gbé e."

Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ibi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́nà, Christabel gbé ìhà tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri.

"Ẹ jẹ́ kí n mí ná," ló wí.

Ìfẹ́olúwa náà gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró dè é.